Ta Ni Onídùúró Ẹ? Ohun Tó Ń Dí Ọ̀dọ́ Aláìnílélórí Lọ́wọ́ Láti Kàwé Kó sì Kọ́ṣẹ́

Ẹni tó bá ń tètè jáde lọ kí ìrun àsùbáà ní agbègbè Oshodi, Ọbáléńdé tàbí Mushin nílùú Èkó yóò ti rí wọn. Àwọn kan tẹ́ páálí sábẹ́ afárá, àwọn kan sùn sórí tábìlì ọlọ́jà, àwọn mìíràn ká jọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọn kò tíì ṣí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n á ti ká páálí wọn kúrò, wọ́n á sì fọ́n ká. Ẹni tó ń ṣe alábàárù á gba ọjà lọ, ẹni tó ń ṣe kọ̀ńdọ́ á gba ibùdókọ̀ lọ, ẹni tó ń ṣa ike àti irin àlòkù á gba orí ààtàn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Nígbà tí a bá rí wọn, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé: "Kí ló ṣe wọ́n tí wọn ò lọ kọ́ṣẹ́?" Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ a kì í dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ti mẹkáníìkì, ti télọ̀ àti ti àwọn tó ń tún fóònù ṣe kò jìnnà sí abẹ́ afárá wọ̀nyẹn rárá. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ náà ń gba iwájú wọn kọjá. Kí ló wá dí wọn lọ́nà? Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí, pẹ̀lú ọ̀nà tí àwọn ìlú mìíràn gbà, ètò tó wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà, àti ibi tí àwùjọ wa lè fọwọ́ sí.

Ìbéèrè mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí nílẹ̀ Yorùbá mọ bó ṣe ń lọ. Òbí tàbí ẹ̀gbọ́n á mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n á dúnàádúrà owó ìkọ́ṣẹ́, wọ́n á fẹnu kò sórí iye ọdún, wọ́n á gba fọ́ọ̀mù, onídùúró á sì buwọ́ lù ú. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ á máa ti ilé wá láàárọ̀, á sì máa padà sílé lálẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò máa bọ́ ọ títí tó fi máa gba fírídọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ilé ló gbé gbogbo ètò yìí ró. Ọ̀gá ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, àmọ́ ilé ló ń pèsè oúnjẹ, ibùsùn, owó ọkọ̀ àti orúkọ tí ọ̀gá lè gbọ́kàn lé.

Ọ̀dọ́ tó ti abẹ́ afárá wá kò ní ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Bó bá tiẹ̀ gbóyà wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ìbéèrè mẹ́ta ló máa pàdé níbẹ̀: Ta ló mú ẹ wá? Níbo lò ń gbé? Ta ni onídùúró ẹ?

Kì í ṣe pé ọ̀gá náà burú. Ẹ̀rọ ìjórin tó fi owó ńlá rà, mọ́tò oníbàárà, léèsì tí wọ́n kó wá fún rírán, ọrùn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí nǹkan bá sọnù, ta ni yóò mú? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi máa ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó lọ mú ẹbí rẹ̀ wá. Ọmọ náà á lọ, kò sì ní padà mọ́, nítorí pé ẹbí tí wọ́n ní kó mú wá gan-an ni kò ní. Òbí àwọn kan ti kú. Ìyá àti bàbá àwọn mìíràn ti kọ ara wọn sílẹ̀, kálukú sì ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn kan sá kúrò nílé nítorí ìyà. A rí àwọn tí wọ́n mú wá láti abúlé pé kí wọ́n wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tí nǹkan sì bàjẹ́ lọ́hùn-ún.

Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà á

Ká ní ọ̀gá kan ṣàánú, ó gba ọmọ náà láìgba owó. Wàhálà kò tíì tán. Ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó oṣù. Ọmọ tó ń ṣe alábàárù sì rèé, ohun tó bá rí lónìí ló máa jẹ lónìí. Bó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ni yóò jẹ? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ebi á fi lé e padà sọ́jà.

Ọ̀rọ̀ oorun náà kò kéré. Ẹni tó ń sùn níta kì í sùn dénú. Òjò lè lé e dìde, àwọn ọmọ ìta lè wá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè wá kó wọn lóru. Láàárọ̀, á pẹ́ kó tó dé ṣọ́ọ̀bù, á máa tòògbé nídìí iṣẹ́, ara rẹ̀ á máa rùn nítorí kò ríbi wẹ̀. Ọ̀gá á ní ọ̀lẹ ni. Bí wọ́n bá fún un ní sísọ́ọ̀sì tàbí àwọn irinṣẹ́ mìíràn pé kó máa fi kọ́ṣẹ́, kò ní ibi tó lè kó o pa mọ́ sí. Ti ọmọbìnrin tún le ju ti ọkùnrin lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ibi tó máa sùn tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án ni gbogbo ìrònú rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ tó kọ́ lọ́sàn-án.

Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ètò ìrànwọ́ kì í fi í pẹ́. Wọ́n á kó àwọn ọ̀dọ́ jọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ tàbí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín ìwé ẹ̀rí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, abẹ́ afárá ni wọ́n ń padà sí. Iṣẹ́ tí kò ní ibùsùn lẹ́yìn kì í gbilẹ̀.

Ohun tí àwọn ìlú mìíràn ṣe

Kì í ṣe Èkó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Faransé tó ń wá iṣẹ́ wá sí ìlú ńlá kò ríbi gbé. Wọ́n ṣètò ilé fún wọn tí wọ́n ń pè ní foyer. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lédè wọn ni ibi ààrò, ibi tí iná ilé ń jó sí. Ní 1992, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà mú un lò, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Foyer Federation sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀dọ́ tí kò nílé kì í ríṣẹ́, ẹni tí kò sì níṣẹ́ kì í rówó ilé san. Yíyípo ló ń yí po. Nínú foyer, ọ̀dọ́ á ní yàrá tirẹ̀, àmọ́ á ṣe àdéhùn pé òun yóò máa kàwé, kọ́ṣẹ́ tàbí wáṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kan á wà tí yóò máa bá a jókòó, tí yóò máa bi í léèrè bí nǹkan ṣe ń lọ. Abẹ́ òrùlé kan náà ni ibùsùn àti ẹ̀kọ́ wà.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba dá ètò Job Corps sílẹ̀ ní 1964. Àwọn ọ̀dọ́ láti ọmọ ọdún 16 sí 24 tí owó wọn kéré ló wà fún. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé inú ọgbà náà, tí wọ́n ń jẹun níbẹ̀, tí wọ́n ń kàwé gba ìwé ẹ̀rí girama, tí wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ bíi káfíńtà, wáyà, wẹ́dà tàbí ìtọ́jú aláìsàn. Ní oṣù Karùn-ún 2025, ìjọba kéde pé òun máa dá iṣẹ́ dúró ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgbà náà, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ pariwo lé lórí ni pé, àwọn ọ̀dọ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá jáde lónìí, wọn kò ní ibi tí wọ́n máa sùn lálẹ́. Èyí fi hàn pé ibùsùn náà ṣe pàtàkì tó iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́.

Ètò kejì níbẹ̀ ni YouthBuild, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1978 ní East Harlem, nílùú New York. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Dorothy Stoneman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Àwọn ọ̀dọ́ náà pín àsìkò wọn sí méjì: wọ́n ń kàwé nínú kíláàsì, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ lórí ilé gidi. Ilé tí wọ́n ń kọ́ tàbí tí wọ́n ń tún ṣe yìí, àwọn tálákà àti àwọn aláìnílélórí ló wà fún. Ẹni tí kò nílé lánàá ló ń kọ́lé fún ẹlòmíràn lónìí.

Ìkẹta jẹ́ òfin. Láti 1987 ni òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní McKinney-Vento báyìí, tó sọ pé iléèwé kò gbọdọ̀ lé ọmọ tí kò nílé padà nítorí pé kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé àdírẹ́ẹ̀sì tàbí ìwé iléèwé tó ti kúrò. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á wọlé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó máa wá ìwé. Òfin náà kò ka àwọn tó ń sùn níta nìkan sí aláìnílélórí. Ó ka àwọn tó ń ṣe àtìpó nílé ẹlòmíràn nítorí pé ilé tiwọn ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ náà mọ́ ọn. Ó yẹ kí àwa náà fi èyí sọ́kàn. Ọmọ tó ń sùn sínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ lónìí, tó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí lọ́la, tó tún lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan lọ́túnla, aláìnílélórí ni, bí a kò tiẹ̀ rí i lábẹ́ afárá.

Ohun tí a rí kọ́ lára àwọn ètò wọ̀nyí kò ju márùn-ún lọ: ibùsùn, oúnjẹ, ìwé kíkà, iṣẹ́ ọwọ́, àti ẹnì kan tó dúró ti ọmọ náà. Bí ọ̀kan bá yọ, àwọn yòókù kì í dúró.

Ètò tó wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìjọba wa kò ní nǹkan kan. Nǹkan wà, àmọ́ àwọn tí wọ́n ṣe é fún kì í mọ̀, tàbí kí wọ́n má lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti àwọn ọmọdé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó gbà wọlé ní 2007, àti òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí ọdún mẹ́sàn-án ẹ̀kọ́: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní ìpele àkọ́kọ́ girama. Nítorí náà, bí a bá rí ọmọ ọdún 11 tàbí 12 lójú pópó, iléèwé ló yẹ ká kọ́kọ́ rò, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìgbanisíṣẹ́, ìyẹn NDE, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1986, ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ọ̀kan lára ètò rẹ̀ ni pé ó ń fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti wà ní àdúgbò. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àwọn ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ọ̀fẹ́ lábẹ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìdínkù òṣì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ aṣọ rírán, irun ṣíṣe, oúnjẹ sísè, bàtà ṣíṣe àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn iléèwé ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, tí a mọ̀ sí technical college, wà fún àwọn tó ti parí ìpele àkọ́kọ́ girama.

Lẹ́yìn kíkọ́, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ló kù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ iṣẹ́ dáadáa, àmọ́ kọ̀ńpìnnì kò ní gbà wọ́n nítorí pé kò sí ìwé lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà mẹ́ta wà. Èkínní ni ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ń ṣe, tí gbogbo ayé mọ̀ sí trade test. Ìpele mẹ́ta ló ní, ẹ̀kẹta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe. Èkejì ni ìdánwò NABTEB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà nílùú Benin. Ẹ̀kẹta ni ìwé ẹ̀rí NSQ tó wà lábẹ́ àjọ NBTE ní Kaduna. Ohun tí ọwọ́ ẹni lè ṣe ni èyí ń yẹ̀ wò. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lẹ́bàá títì, tí kò wọ iléèwé kankan, lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn kí wọ́n sì fún un ní ìwé lórí rẹ̀.

Ní ti ìwé kíkà, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ti iléèwé kò tíì pàdánù. Àwọn kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdánwò GCE ti WAEC sì wà fún ẹni tí kò sí ní iléèwé girama kankan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé oníṣẹ́ ọwọ́ kò nílò ìwé. Wẹ́dà tí kò lè ka ìwọ̀n yóò gé irin ṣòfò. Télọ̀ tí kò lè kọ orúkọ àti ìwọ̀n oníbàárà yóò pàdánù oníbàárà. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe tàbí tó ń gbé sólà kò lè ṣe é láìka ohun tó wà lára páálí.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé ọmọ tálákà lè kọ́ nǹkan tó le, kó wo Túndé Ọ̀nàkọyà. Ìkòròdú ló dàgbà sí. Nígbà tí kò sí owó iléèwé, ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ayò chess, ìyá rẹ̀ sì ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní iléèwé kan kí ọmọ rẹ̀ lè ráyè kàwé níbẹ̀. Òun náà ló dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tí ìṣẹ́ pọ̀ sí, tó sì gbé e dé abẹ́ afárá Oshodi. Ní oṣù Kẹrin 2024, ó ta ayò náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsùn ní New York, ó ń wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà. Ẹ kíyè sí i: kó tó di olókìkí, ìyá kan ti dúró fún un lẹ́nu ọ̀nà iléèwé.

NIN: ẹnu ọ̀nà tí kò hàn

Ohun kékeré kan wà tó máa ń ba gbogbo ètò jẹ́. Fọ́ọ̀mù ètò ìjọba máa ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀, ìyẹn NIN. Láìsí NIN, ó nira láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, láti gba síìmù tàbí láti ṣí àkáǹtì báńkì tí owó ìrànwọ́ máa wọ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ NIN, àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 nílò òbí tàbí alágbàtọ́ tí yóò tẹ̀ lé e lọ. Ìbéèrè tí ọ̀gá wẹ́dà bi í náà la tún pàdé níbí: ta ló mú ẹ wá?

Òfin mọ ọmọ tí kò lẹ́ni

Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa ti ronú nípa ọ̀rọ̀ onídùúró yìí. Abala 49 nínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, Labour Act, sọ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́. Fún ọmọ tó ti kọjá ọdún 12 tí kò tíì pé 16, òbí tàbí alágbàtọ́ ló máa ń buwọ́ lu ìwé àdéhùn, ọmọ náà gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ. Bí ọmọ náà kò bá ní òbí tàbí alágbàtọ́ tí a mọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lè fọwọ́ sí i, kó sì yan ẹni tó yẹ pé kó buwọ́ lùwé, kó sì máa ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 lè fi ara rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́.

Ìyẹn ni pé òfin ti ṣí ilẹ̀kùn. "Ẹni tó yẹ" tí òfin ní kí wọ́n yàn yẹn la kò tíì rí. Ta ni yóò jáde pé èmi nìyí?

Ibi tí àwùjọ wa ti wọ ọ̀rọ̀ náà

Àwa Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí sí tuntun. Nígbà ayé Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ibi ìbòji kan wà lára mọ́sálásí rẹ̀ ní Mẹ̀dínà tí wọ́n ń pè ní Suffah. Àwọn tí kò nílé, tí wọn kò sì ní ẹbí nílùú náà ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n sì ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ọ̀kan lára wọn ni Abu Hurayrah, ẹni tó padà di ẹni tí a gba hadiisi tó pọ̀ jù lọ lẹ́nu rẹ̀. Nínú èdè Lárúbáwá náà, kafaalah ni wọ́n ń pe ṣíṣe onídùúró fún ẹni tó jẹ gbèsè, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń lò fún gbígbọ́ bùkátà ọmọ òrukàn. Onídùúró àti alágbàtọ́, ilé kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá.

Mọ́sálásí àdúgbò kan lè ṣe onídùúró fún ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìdúró de ìjọba. Ọ̀nà tó rọrùn nìyí:

1. Ẹ yan ìgbìmọ̀ ẹni márùn-ún. Kí obìnrin wà níbẹ̀, kí oníṣẹ́ ọwọ́ kan tí wọ́n mọ̀ sí olóòótọ́ sì wà níbẹ̀.

2. Ẹ mọ ọmọ náà. Ẹ béèrè ibi tó ti wá àti ìdí tó fi kúrò nílé. Bí ewu kò bá sí nílé rẹ̀, ẹ gbìyànjú láti parí ìjà àárín òun àti ẹbí rẹ̀. Bí kò bá tíì pé ọdún 18, ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìtọ́jú ọmọ mọ̀ sí i.

3. Ẹ wá ibùsùn àti oúnjẹ kí ẹ tó wá iṣẹ́. Ó lè jẹ́ yàrá kan tí ẹ gbà fún ọ̀dọ́ méjì, tàbí ìdílé kan tí ìgbìmọ̀ ti wádìí dáadáa.

4. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yan iṣẹ́. Kó lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, méjì lọ́dọ̀ òmíràn, kó tó sọ èyí tó wù ú.

5. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ buwọ́ lù ú. Kí ìgbìmọ̀ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ohun tó bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù. Èyí ni yóò fi ọ̀gá lọ́kàn balẹ̀.

6. Ẹ gba NIN fún un, kí ẹ sì ṣètò wákàtí kan fún ìwé kíkà àti ìṣirò lálaalẹ́ lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Olùkọ́ kò wọ́n láàárín wa.

7. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa tọ́jú owó irinṣẹ́ àti ti ìdánwò. Fírídọ́ọ̀mù tí kò ní irinṣẹ́ lẹ́yìn ń dá ọmọ padà sí ìgboro ni.

Owó ńkọ́? Bí èèyàn 50 bá ń dá ₦1,000 lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan, ₦50,000 nìyẹn lọ́sẹ̀, ₦200,000 lóṣù tó ní Jímọ̀ọ̀ mẹ́rin. Tálákà àti aláìní ló ṣáájú nínú àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, nítorí náà ẹ bi lẹ́mọ́ọ̀mù yín léèrè bí ẹ ṣe lè fi sàká tàbí sàráà ṣe é.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún

Ọmọ tí a gbà tọ́jú kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé aṣọ alága ìgbìmọ̀ ló ń fọ̀, tàbí pé ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó sí. Ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ ní ibùsùn tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, kí àgbàlagbà kankan má sì máa dá wà pẹ̀lú ọmọ ní kọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe gbé fọ́tò wọn sórí Facebook pé ẹ ti rí wọn gbà là. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n á fẹ́ gba iṣẹ́, kò yẹ kí fọ́tò abẹ́ afárá máa tẹ̀ lé wọn kiri.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn kan yóò sá lọ. Ẹni tó ti ń sùn níta fún ọdún mẹ́ta kò lè dọmọ ilé lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó lè padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lè mu igbó. Ẹ lọ wá a, ẹ mú un padà, bó bá sì jẹ́ pé oògùn olóró ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọmọ inú ilé wa náà ń ṣe àṣìṣe, a kì í sì í lé e síta nítorí ẹ̀ẹ̀kan.

Àwọn Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A máa ń pa òwe yìí mọ́ ọmọ tiwa. Àmọ́ àwọn ọmọ abẹ́ afárá náà ń dàgbà, ìlú kan náà la sì jọ ń gbé. Nígbà mìíràn tí ẹ bá ń ti ìrun àsùbáà bọ̀, tí ẹ rí ọmọ kan tó ń ká páálí rẹ̀, ẹ dúró bi í léèrè iṣẹ́ tó wù ú. Bó bá ní wẹ́dà ni, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Nígbà tí ọ̀gá bá sì béèrè pé, "Ta ni onídùúró ẹ?", kí ọmọ náà rí ẹni nàka sí.